Mọ́tò tí kò sùn, tí kò sì jí



Àbúrò wa kan wà ní Strasbourg, ní ilẹ̀ Fáransé. Ó ní mọ́tò kékeré kan, Mazda MX-5, oníjókòó méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá àti fàájì. Lọ́dọọdún, tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ó máa ń pè wá lórí WhatsApp láti fi hàn wá bó ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ó tó tì í mọ́lé di oṣù kẹta. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín la máa ń fi í rín. A ní, "Àbúrò, ṣé ọmọ ìkókó lò ń tẹ́ sùn ni?" Lónìí, a kò rẹ́rìn-ín mọ́. Òun ló gbọ́n, àwa la gọ̀.

Nígbà òtútù lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà kí omi má baà dì níbẹ̀. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin abẹ́ mọ́tò. Táyà ìgbà ooru náà máa ń le tí òtútù bá ti wá sílẹ̀ ju nǹkan bíi 7 °C lọ, kì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́. Ní Jámánì, tó wà lódìkejì odò Rhine, láti 1997 ni wọ́n ti ní nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n kọ oṣù sí lára. Bí ó bá kọ 04 sí 10, oṣù kẹrin sí ìkẹwàá nìkan ni mọ́tò náà lè jáde sójú títì, owó-orí oṣù wọ̀nyẹn nìkan ni olówó rẹ̀ sì ń san.

Kí ni àbúrò wa ń ṣe? Á fọ mọ́tò náà tinú tòde, títí dé abẹ́, á jẹ́ kó gbẹ. Á pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì, torí èyí tó ti ṣiṣẹ́ ti kó omi àti èérí tó ń jẹ irin. Á rọ ẹ̀sáǹsì kún táńkì kí atẹ́gùn ọlọ́rinrin má baà rí àyè níbẹ̀. Á fẹ́ táyà le díẹ̀ sí i, kí ibi tó jókòó lé má baà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kì í fa bíréèkì ọwọ́, torí ó lè lẹ̀. Igi ló fi ń há táyà. Á so bátírì mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń fún un ní iná díẹ̀díẹ̀. Á fi àkísà dí ẹnu sálẹ́ǹsà nítorí eku, á sì kọ ọ́ sí ìwé kó má baà gbàgbé yọ ọ́. Aṣọ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló fi ń bò ó, kì í ṣe ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, kì í fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní ẹni tó bá ń tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ń bà á jẹ́ ni: kì í gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo tiwa. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Paris ra mọ́tò sí agboolé wa ní Kétu. Oṣù kejìlá ló máa ń wá. Tó bá ń padà lọ, á fún wa ní kọ́kọ́rọ́, á ní, "Ẹ bá mi máa wò ó." Àwa náà ń wò ó lóòótọ́: ojú la fi ń wò ó! Adìẹ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rántí á tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀, á pa á. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, àìsàn kọlu ìyá wa. A yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Bátírì ti kú, táyà méjì ti rọ̀, eku ti jẹ wáyà. Orí zém la gbé ìyá arúgbó sí nínú òjò, tí ọ̀kan nínú wa jókòó sẹ́yìn, tó dì í mú dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run ṣeun, ìyá wà láàyè. Àwọn kan nílé ní ayé ló ṣe é. Ayé kọ́, àwa ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: kí mọ́tò sùn, tàbí kó jí. Ti Strasbourg sùn, kò sì sẹ́ni tó gbójú lé e. Tiwa kò sùn, torí a kò múra oorun fún un. Kò sì jí, torí a kì í wà á. Èyí ló burú jù.

Òjò, oòrùn, eruku ọyẹ́ àti eku ni ọ̀tá tiwa níbí. Bí ẹ bá fẹ́ kó sùn, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tú orí bátírì, ẹ fẹ́ táyà, ẹ fi í sábẹ́ òrùlé, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó jí de òru àìsàn, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó mọ mọ́tò wà, kó máa wà á fún bí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi owó ẹ̀sáǹsì sílẹ̀ fún un. "Ẹ bá mi máa wò ó" kò tó.

Àwọn kan á ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ yẹ èèyàn, kò yẹ irin. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ yẹn, irin tí a kò tọ́jú ni kò jẹ́ ká rí èèyàn tọ́jú bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, kí ẹ tó padà lọ lẹ́yìn ọdún, ẹ pe ẹbí jókòó, kí ẹ bi wọ́n: ṣé kó sùn ni, àbí kó jí? Nílé tiwa, a ti pinnu pé kó jí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ìyá fúnra rẹ̀ ló sì máa ń rán an létí.