Ẹ Má Pè Wá ní Ọ̀lẹ Mọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti gbọ́ títí tó ti sú wa: pé ọ̀lẹ ni ọ̀dọ́ òde òní. A ń gbọ́ ọ nílé, a ń gbọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari náà sọ ní London pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni kò lọ sílé ìwé, tí wọ́n sì rò pé nítorí pé a ní epo rọ̀bì, àwọn lè jókòó láìṣe nǹkan kan kí wọ́n sì máa gba ilé, ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ta ko ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣirò ìjọba fúnra rẹ̀ sì ta kò ó.

Àjọ NBS ló ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀. Wọ́n máa ń ka àwọn tó ti tó iṣẹ́ ṣe, wọn a sì wo iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wá iṣẹ́ nínú wọn. Ní ìparí ọdún 2020, nǹkan bí 57 nínú 100 ni wọ́n kà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún 2023 bẹ̀rẹ̀, iye yìí ti di nǹkan bí 80 nínú 100. Ẹ tún wo àwọn aláìríṣẹ́ṣe. Ní ìparí ọdún 2014, ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Ní ọdún 2018 wọ́n di 23.1. Ní ìparí ọdún 2020 wọ́n di 33.3. Lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 2022, wọ́n já wálẹ̀ sí 5.3.

Ṣé ilé iṣẹ́ ló hù bí olú káàkiri Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò láàárín ọdún méjì yẹn ni? Rárá o. Òṣùwọ̀n ló yí padà. Bí ìyá oní-gàrí bá fi kóńgò wọn gàrí rẹ̀ lánàá, tó wá fi agolo mílíìkì wọ̀n ọ́n lónìí, iye tí yóò kà yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n gàrí inú àpò kò fi ẹyọ kan lé sí i. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ṣe ni wọ́n ń kà á sí. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti fi wákàtí kan péré ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, ẹni ọdún 15 sí 64 ni wọ́n ń kà. Nísinsìnyí, àti ẹni ọdún 15 àti bàbá àgbà ẹni 80 ọdún, gbogbo wọn ni wọ́n ń kà.

N kò sọ pé àjọ náà purọ́. Ìlànà tí àjọ àgbáyé ILO fọwọ́ sí ni wọ́n tẹ̀ lé, ó sì ṣe wá lóore kan: ó jẹ́ kí ìjọba rí ìyá tó ń ta omi tútù níwájú ilé àti ọmọ tó ń ran aṣọ ní yàrá. Bí 80 nínú 100 bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tí wọ́n ń wá a, níbo ni ọ̀lẹ tí ẹ ń wí wà?

Ẹni tó bá ń wá ọ̀lẹ ní Alímọ̀ṣọ́, kó wá dúró ní Ìkòtún ní aago márùn-ún ìdájí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí, kò sì sí èyí tó tó o ní ìpínlẹ̀ Èkó. Àfi bí ẹni pé gbogbo wọn ló ń wá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá mi wà lára wọn. Ata ló ń tà. Aago mẹ́rin ló ń jáde lọ ra ọjà ní Mile 12.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, irú iṣẹ́ wo ni à ń ṣe, èló ló sì ń mú wá? Ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 yẹn náà ló dáhùn. Nínú 100 òṣìṣẹ́, nǹkan bí 75 ló ń ṣe iṣẹ́ ara wọn. Nǹkan bí 12 péré ni ẹlòmíràn gbà síṣẹ́ tó ń san owó fún. Ìdá 92.6 ló wà nínú iṣẹ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ tàbí ààbò kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ìwé ẹ̀rí ND nínú ìmọ̀ ìṣirò owó. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ló ń tajà báyìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́, láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Ní ọdún 2024, ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 náírà. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi kò ní ju òṣìṣẹ́ mẹ́rin lọ. Òfin náà kò kàn án.

Àwọn kan yóò ní, “Ẹ lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́.” A ń kọ́ ọ! Aránṣọ márùn-ún ló wà ní àdúgbò wa, wọ́n ń du oníbàárà kan náà, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ èrè wọn. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ ará ibí ló ń rí iṣẹ́ oṣù ní àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà. Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró níbẹ̀ ní ọdún 2008, òun nìkan sì kọ́ ló dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ọ̀dọ́ ló ti ilẹ̀kùn wọn.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé iṣẹ́ ló ń lé òṣì lọ. Òótọ́ ni, bí iṣẹ́ náà bá lè bọ́ ẹni tó ń ṣe é. Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba, ẹ má fi 5.3 yangàn fún wa. Ẹ sọ iye ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tó o jẹun fún wa. Ẹ jẹ́ kí òfin owó oṣù dé ṣọ́ọ̀bù kékeré náà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń ka ìṣirò ìjọba, ká lè mọ ìgbà tí gàrí pọ̀ sí i àti ìgbà tí wọ́n kàn pààrọ̀ agolo. Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ẹ bá wa béèrè. Kí ẹ sì dẹ́kun pípe ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ní ọ̀lẹ.