Ẹ̀sùn Lórí Yẹ́lò Káàdì

Ẹ̀yin tí ẹ ó dájọ́, ẹ gbọ́ ẹ̀sùn kìíní. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2012, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú O.R. Tambo ní Johannesburg wo yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú) ọmọ Nàìjíríà 125, wọ́n ní ayédèrú ni, wọ́n sì dá wọn padà sí Èkó. Owó físà àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ àpò ẹlòmíì. Èèyàn 125, ìdájọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n dì wọ́n bí ìdì igi, wọ́n jù wọ́n síta.

Ẹ̀sùn kejì burú jù ú lọ. Ọdún 1925 ni àjọ Rockefeller gbé yàrá ìwádìí ibà pọ́njú dé Yábàá, ẹ̀gbẹ́ Ṣómólú níbí. Adrian Stokes, oníwádìí ibẹ̀, kó ibà náà, ó sì kú sí Èkó ní 1927. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ará Gánà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler, ọmọ bíbí Pretoria, fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1951. Ẹ̀jẹ̀ ìhà tiwa ló di abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ọ̀hún ni àwọn ará Gúúsù Áfíríkà wá ń bi wá léèrè bí ẹni tí kò rí i rí. Abaraámóorejẹ ni wọ́n.

Wọ́n tọrọ àforíjì, lóòótọ́: Ebrahim Ebrahim, igbákejì mínísítà wọn, ló sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta 2012 yẹn. Àmọ́ pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ti ń dá ọmọ tiwọn náà padà kí ẹnu wọn tó rọ̀. Ìbẹ̀rù ló bẹ̀bẹ̀, kì í ṣe ìrònú.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Ta ni ní Bàrígà tí kò mọ ẹni tó ra yẹ́lò káàdì láìfojú kan abẹ́rẹ́? Olùtajà gbowó, ó kọ déètì, ó lu òǹtẹ̀, ó ní kí oníbàárà máa lọ ní àlàáfíà. Àwa ará Ṣómólú, tí ìtẹ̀wé jẹ́ iṣẹ́ àdúgbò wa, mọ bí òǹtẹ̀ ṣe rọrùn tó. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ gidi ló wá ń jẹ gbèsè ẹ̀tàn náà lẹ́nubodè. Olè ni olùtajà, èèyàn rẹ̀ ló jà lólè.

Ìjọba Nàìjíríà ni ó kù. Ìtìjú 2012 kò mú wọn ṣe káàdì oníbákóòdù títí di 2019. Ọdún méje! Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ní 2017, ibà pọ́njú fúnra rẹ̀ ti yọjú ní ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n bínú sí Johannesburg láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọn ò rí ìbínú kankan fún ẹni tó ń ta òǹtẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ara wọn.