Ẹ Má Fi Òwe Dá Kóòtù Lóhùn

"A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Òwe yẹn dáa, mi ò bá ẹni tó pa á jà. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ní Riverdale níbí ló ń bí mi nínú. Ìyàwó ti gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí Superior Court ti Clayton County ní Jonesboro (ó sì lè jẹ́ ọkọ), sheriff ti mú un dé ẹnu ọ̀nà, ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ àti pásítọ̀ bá pé jọ sí pálọ̀: "Má dá wọn lóhùn o. Ọ̀rọ̀ ilé ni, a máa yanjú ẹ̀ nílé."

Ẹni tó pẹjọ́ ti dé kóòtù ná. Ẹni tí wọ́n pè nìkan ni òwe wá ń dè lọ́wọ́.

Ọjọ́ 30 ni òfin Georgia fún un láti fèsì. Lóòótọ́, adájọ́ kì í tú ìgbéyàwó ká láìgbọ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnu ta ni yóò gbọ́? Ẹni tí kò fèsì rárá, kò di dandan kí wọ́n sọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ fún un mọ́. Kí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 àti ìpàdé ẹbí lórí WhatsApp tó parí, wọ́n lè ti pín ilé, kí wọ́n sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa yọ owó ìtọ́jú ọmọ lára owó iṣẹ́ ẹ̀ kó tó kàn án lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní, "Ìdáná la ṣe, a ò ṣe kóòtù, kí ló kàn wọ́n?" Ó kàn wọ́n dáadáa. Ìgbéyàwó tó bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìgbéyàwó ni ní Georgia.

Ẹ má sì sọ pé kì í ṣe àṣà wa. Ní Abẹ́òkúta, kó tó di 1914, àwọn obìnrin ti ń lọ kọ ọkọ ní kóòtù, tí wọ́n ń jiyàn lórí ta ni yóò dá owó orí padà. Lónìí ńkọ́? Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn ohun tí kóòtù ìbílẹ̀ Mápó ń ṣe.

Mi ò ní kí àgbà má dá sí i. Kóòtù fúnra ẹ̀ máa ń rán tọkọtaya lọ sọ́dọ̀ onílàjà. Ẹ là wọ́n, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò máa san owó ilé títí wọn yóò fi tà á, ibo ni àwọn ọmọ yóò wà lásìkò ọlidé. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ó dé iwájú adájọ́, kí ó di àṣẹ. Àdéhùn tí ẹ fi obì nìkan ṣe, ta ló máa mú un ṣẹ bí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá yí ohùn padà? Ti owó ìtọ́jú ọmọ tiẹ̀ yàtọ̀: bí òbí méjèèjì bá gbà, adájọ́ ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọmọ ló ni ín. Ọmọ tó bá sì ti pé ọdún 14 lè yan òbí tó fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀, àyàfi bí adájọ́ bá rí i pé kò ní ṣe ọmọ náà lóore. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pín àwọn ọmọ tán ní pálọ̀, ṣé ẹ tiẹ̀ pe èyí tó jẹ́ ọdún 15 sọ̀kalẹ̀ wá?

Bí wọ́n bá pè yín sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bèèrè ọjọ́ tí sheriff mú ìwé wá, kẹ́ ẹ ka ọjọ́ 30 lórí kàlẹ́ńdà. Ẹni tí kò rówó lọ́yà lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọ èsì, kó sì gbé e lọ fún akọ̀wé kóòtù ní Jonesboro. Kí ẹnì kan nínú yín wà á lọ.