Ilé Ni Wọ́n Wò Kí Wọ́n Tó Sọ Oúnjẹ Lórúkọ

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, àwọn ará Ítálì náà mọ òwe yìí, oúnjẹ ni wọ́n sì lò ó fún.

Ẹ wo pasta, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe. Spaghetti tí gbogbo wa mọ̀, "okùn tẹ́ẹ́rẹ́" ni. Linguine ni "ahọ́n kékeré". Orecchiette, tí àwọn ará Puglia ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ni "etí kékeré". Farfalle ni "labalábá". Vermicelli wá ńkọ́? "Ekòló wẹ́wẹ́" ni! Ojú kò tì wọ́n. Ohun tí wọ́n ń rí nínú ilé àti lóko ni wọ́n fi sọ oúnjẹ wọn lórúkọ.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kúrò nílé, ìtumọ̀ rẹ̀ lè ṣìnà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Róòmù, mo ní kí wọ́n fún mi ní pizza onípeperoni. Ẹran ni mo ń retí, nítorí sọ́séèjì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀. Tàtàṣé ni wọ́n tò sórí rẹ̀ wá! Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ. Èmi ni mo há orúkọ sórí láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá béèrè latte níbẹ̀, wàrà lásán ni yóò mu, kò ní rí kọfí.

Ti wáìnì tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Gbígbẹ" ni secco, ṣùgbọ́n báwo ni ọtí ṣe ń gbẹ? Wáìnì tí ìwúkàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ṣúgà èso àjàrà inú rẹ̀ tán ni: kò dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò kan. Amabile, "èyí tó ṣeé fẹ́ràn", ní adùn díẹ̀. Frizzante ń hó díẹ̀ bí ẹmu. Spumante ń hó jù ú lọ, "oní-fófòó" sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Prosecco ní tirẹ̀, orúkọ abúlé kan nítòsí Trieste ni. Lọ́dún 2009, wọ́n yí orúkọ èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é padà sí Glera, kí orúkọ Prosecco lè jẹ́ ti wáìnì agbègbè náà nìkan. Ẹni tó mọ iyì orúkọ ló ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn mí bí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá túmọ̀ ẹ̀fọ́ rírò sí "ọbẹ̀ ẹ̀fọ́", tó sì gbàgbé "rírò". Inú ọ̀rọ̀ náà ni ọwọ́ ìyá tó ń ro ọbẹ̀ nínú ìkòkò wà. Bí a bá sọ ọ́ nù, ọbẹ̀ nìkan ló kù, a kò rí ẹni tó sè é mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe há orúkọ oúnjẹ sórí lásán. Ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Ire o.