Ẹ Má Fi Àìsàn Iyùn Pamọ́

Iyùn tí àwọn ọba wa ń so mọ́rùn, ẹranko òkun ló kọ́ ọ. Àwọn ìbátan ẹranko kékeré yẹn ló kọ́ òkìtì iyùn tí wọ́n ń pè ní Great Barrier Reef sí etíkun ilẹ̀ Austrálíà. Ó gùn tó 2,300 kìlómítà. Èkó sí Kánò lálọ-lábọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo òkìtì iyùn ayé kò gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ abẹ́ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá tó wà nínú òkun ló gbára lé e. Òun náà ló ń dá ìgbì dúró kó tó ya lu ilé ẹni tó ń gbé etí omi.

Ewéko tíntìntín kan ń gbé inú ẹran ara iyùn, ó ń fi oòrùn se oúnjẹ fún un, ó sì ń fún un láwọ̀. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ewéko náà jáde, á wá funfun bí eegun. Kò tíì kú o! Ebi ló ń pa á. Bí ooru bá tètè rọlẹ̀, ó lè sọjí. Bó bá pẹ́, ó parí. Ó ṣẹlẹ̀ sí Great Barrier Reef ní 1998, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2002. Lẹ́yìn náà: 2016, 2017, 2020, 2022, 2024. Ẹ gbọ́ bí àwọn ọdún náà ṣe ń lé ara wọn! Ara rẹ̀ kò tíì yá tí àìsàn mìíràn fi ń dé.

Ní 2021, UNESCO dábàá pé kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn àjogúnbá ayé tó wà nínú ewu. Ìjọba Austrálíà yarí, wọ́n rán mínísítà lọ bẹ àwọn orílẹ̀-èdè kiri, ìgbìmọ̀ àjogúnbá ayé sì fi í sílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ìpinnu yẹn rárá. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò lọ wo iyùn ń bẹ̀rù pé àlejò lè sá. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Belize, orílẹ̀-èdè kékeré. Ní 2009 ni wọ́n kọ òkìtì iyùn tirẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Belize ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa epo nínú òkun wọn mọ́. Ní 2018, orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín wọn.

Austrálíà ń náwó láti pa ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tó ń jẹ iyùn. Ó dára, ṣùgbọ́n ètè ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Ọkọ̀ tó kún fún èédú, èyí tí jíjó rẹ̀ ń mú òkun gbóná, ṣì ń gbéra ní èbúté Queensland, ó ń gba àárín iyùn náà kọjá lọ sọ́jà.