Títa ríro là ń kọlà

Títa ríro là ń kọlà. Bó bá jinná tán, a doge. Ohun mẹ́ta ni òwe yìí tò léra: oró, ìjinná, oge. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi abẹ fa ojú òun tó ti rọ̀ sókè sábà máa ń wo ẹ̀kẹta nìkan, bẹ́ẹ̀ èkejì ló yẹ kó fi yan irú abẹ.

Ní Berlin, ní 1901, oníṣẹ́ abẹ Eugen Holländer gé awọ díẹ̀ lẹ́bàá etí obìnrin kan, ó sì rán ìyókù pọ̀. Awọ nìkan ló fà, awọ a sì tún máa rọ̀. Ní 1976, Mitz àti Peyronie ní Faransé ṣàpèjúwe ìpele kan lábẹ́ awọ tó so mọ́ iṣan ojú. Òun ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ń fà báyìí, kí awọ kàn tẹ́ lé e lórí. Ní 1990, Sam Hamra ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tó tún jìn jáde: awọ àti ìpele náà kì í pínyà, wọ́n jọ ń gòkè ni.

Nínú ilà, ilé baba ọmọ ló ń yan pélé tàbí àbàjà. Níhìn-ín, ojú fúnra rẹ̀ ló ń yàn. Abẹ kékeré yá láti jinná, ó sì bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ mu, àmọ́ kì í tọ́jọ́, kò sì ran ọrùn tó ti tú lọ́wọ́. Èyí tó jinlẹ̀ ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú a wú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, abẹ a sì máa sún mọ́ iṣan tó ń darí ẹ̀rín. Sìgá ń dá ìjinná dúró. Ẹni tí etí rẹ̀ wú kókó nígbà tí wọ́n lu ú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, torí àpá awọ dúdú lè ga.

Àwọn ará Pobè ní Benin mọ abẹ awọ láìsí oge nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn egbò Buruli, àrùn tó ń jẹ awọ, wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gé awọ láti ibòmíì lára bo ojú egbò. Nínú ìwádìí tó jáde níbẹ̀ ní 2007, aláìsàn 215 ló jinná. 102 nínú wọn kò fojú kan abẹ rárá, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wò wọ́n. Abẹ tí a yẹ̀ sílẹ̀ náà, yíyàn ni.

Ará Sakété tó bá lọ fa ojú ní Kútọnu tàbí Èkó yóò ka owó ibùsùn mọ́ owó abẹ: ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tú okùn ọgbẹ́, àpá ẹ̀yìn etí sì lè gba ọdún kan kó tó ṣá.