Àwòrán Atọ́nà Kì í Ṣe Ìwọ̀sí fún Olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Ọ̀tan Ayégbajú, ní Ìgbájọ àti ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa tó ń pa iṣẹ́ wa lára. Àwọn kan ní ọmọdé ni àwòrán wà fún. Wọ́n ní ìwọ̀sí ni kí a fún olùkọ́ tó gba NCE tàbí tó gboyè ní yunifásítì ní ìwé ojú kan tí a fi àwòrán to ìgbésẹ̀ ẹ̀kọ́ sí. Lójú wọn, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi ni ọ̀rọ̀ gígùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ìdìpọ̀ ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́ bó bá délé. Èrò yìí kò tọ́.

Ẹ̀rí wà nítòsí wa, ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní 1956, Dókítà David Morley, oníṣègùn àwọn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nígbà tí ikú ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ lọ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ibẹ̀ ló ti gbé káàdì kan kalẹ̀. Ọjọ́ orí ọmọ wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà méjì sì ń gòkè láàárín bí etí títì méjèèjì. Bí wọ́n bá ti wọn ọmọ tán, nọ́ọ̀sì a fi àmì sí káàdì náà. Bí àmì bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bó bá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, nọ́ọ̀sì a ti rí ewu kí ọmọ tó rù kan egungun. Ìyá ló ń tọ́jú káàdì náà sílé, nínú ọ̀rá. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nọ́ọ̀sì àti dókítà tó kàwé ló ń lò ó, kò sì sẹ́ni tó ní ó bu àwọn kù.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ojú kan jáde fún wọn, kókó 19 péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Ifakara ní Tanzania, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ dín kù láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti mọ iṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìwé náà ṣe ni pé kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kíláàsì rí. Ohun tí ọpọlọ lè gbà mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀, ariwo ọmọ sì ń gba èyí tó kù. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí àwòrán ẹ̀kọ́ àmì ohùn bá wà lára ògiri tó fi hàn pé kí olùkọ́ rẹ ọwọ́ sílẹ̀ fún dò, kó gbé e ságbedeméjì fún re, kó nà án sókè fún mí, pé kó kọ́kọ́ ṣe é, kí gbogbo kíláàsì bá a ṣe é, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá dá a ṣe, olùkọ́ kò ní máa wá nóòtù sẹ́mínà kiri láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Wọ́n á ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò sọ olùkọ́ di ẹni tí kì í ronú mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àmì lásán kò wo ọmọ sàn; nọ́ọ̀sì tó ka àmì náà, tó bi ìyá léèrè, tó sì tún wọn ọmọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun ló ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn bá wa ya àwòrán wọ̀nyí, kí a fi Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sí wọn, kí ọ̀gá ilé-ìwé àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ máa wọ kíláàsì láti wo bí a ṣe ń lò wọ́n.

Ẹ̀yin àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (SUBEB) Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti ẹ̀yin aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Ẹ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan tó ṣeé lò, kí ẹ sì padà wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó bá gbà á kò rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ ni.